Ìwé Àjíwò Kò Di Ìmọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire tí ìwé kíkà kó jọ sí ìlú Ìbíní, ìdánwò tún ti ń bọ̀. Àwọn kan ń kàwé di ọ̀gànjọ́. Àwọn mìíràn ń gé bébà wẹ́wẹ́ tàbí kí wọ́n kó ìdáhùn sínú fóònù. Àwọn kan sì ti ń wá ẹni tí wọn yóò jókòó tì, kí wọ́n lè na ọrùn bí àgùnfọn. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ara wa sọ.

Àrùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1977 ni ìbéèrè ìdánwò WAEC lu síta káàkiri Nàìjíríà, tí ọ̀rọ̀ náà "ẹ́sípò" fi di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ní 1984, ìjọba ológun ṣe Dìkíríì 20, tí ó lè sọ ẹni tí ó bá ṣe màgòmágó nínú ìdánwò sí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ní 1999, òfin mìíràn dín ẹ̀wọ̀n náà kù, ó sì fi owó ìtanràn kún un. Síbẹ̀ àrùn náà kò lọ, nítorí ẹni tí ó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá nìkan, bí ọlọ́pàá bá yíjú, yóò ṣe tinú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ní mú wa, kí ni ó burú níbẹ̀ gan-an?

Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Jámánì, dáhùn ní 1785 pé ìlànà tí o bá fẹ́ tẹ̀ lé, kọ́kọ́ wò ó bóyá o lè fẹ́ kí gbogbo ayé tẹ̀ lé e. Bí gbogbo wa bá jí ìwé wò, sáfítíkéètì yóò di bébà tí oníàkàrà fi ń wé ọjà. Òótọ́ àwọn tí kò jí ìwé wò ni ajíwèéwò ń jẹ, bí àfòmọ́ ṣe ń jẹ lára igi.

John Stuart Mill, ará Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀, ní kí a wọn èrè àti òfò gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "n kò pa ẹnikẹ́ni lára," ẹ dé UBTH ní Ugbowo, kí ẹ wo èrò tí ó ń dúró de dókítà. Ta ni nínú wọn ni ẹ lè sọ fún pé ẹlòmíràn ni ó bá dókítà rẹ̀ ṣe ìdánwò?

Kí a má tilẹ̀ rìn jìnnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jíròrò, wọ́n sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1986. Ohun tí àwọn àgbà náà là yé wọn ni pé ìmọ̀ yàtọ̀ sí ìgbàgbọ́: ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ó sì yé e, ni ó mọ̀, ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Sáfítíkéètì jẹ́ ẹ̀rí tí ilé-ìwé ń jẹ́ níwájú ayé pé ọmọ yìí mọ̀. Ajíwèéwò sọ ilé-ìwé di ẹlẹ́rìí èké.

Àwíjàre kan wà tí ó kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Wọ́n á ní, "Ìdálẹ̀ la wà, ọmọ Yorùbá ni wá, ṣé kí n máa wo àbúrò mi níran kó féèlì ni?" Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò fojú di í. Òótọ́ sì ni pé gbọ̀ngàn a máa kún, ìyanṣẹ́lódì a máa gé sáà kúrú, àwọn olùkọ́ kan a sì máa béèrè ohun tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọmọ Ẹdó, ọmọ Urhobo àti ọmọ Ìgbò tí wọ́n kàwé lóru, ṣé ọmọ ènìyàn kọ́ ni wọ́n ni? Àbúrò yẹn ńkọ́? Ta ni yóò jókòó tì í lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dé? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ṣáájú ìdánwò ni àsìkò ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti dé ọdún kẹta àti ìkẹrin, ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn àbúrò yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àbúrò, ẹ má tijú láti béèrè. Ẹni tí ó bá sì tún féèlì, kí ó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. Ìyẹn kò ba ọmọlúàbí jẹ́. Ìdánwò á dẹrùn o.