Ẹ Yé Kọ "A Gbà Pé Wọ́n Dé Lẹ́ẹ̀kan Náà"

Bí ẹ bá ṣí ìwé iṣẹ́ àṣekágbá lórí ìbánisọ̀rọ̀ aláìlówáyà ní ẹ̀ka wa, ẹ máa tètè bá gbólóhùn yìí pàdé: "A gbà pé àmì méjèèjì dé ọ̀dọ̀ alárinà lẹ́ẹ̀kan náà." Èmi náà kọ ọ́. Lọ́jọ́ difẹ́ǹsì, kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn nígbà náà. Ó ń dùn mí báyìí, torí inú gbólóhùn yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ká ní Àṣàkẹ́ àti Àlàní fẹ́ ránṣẹ́ síra wọn, tí wọn ò gbọ́ ara wọn, àfi kí alárinà kan dúró láàárín. Láyé àtijọ́, ìgbà mẹ́rin là ń lo afẹ́fẹ́, méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀. Bí alárinà bá gba tọ̀tún gba tòsì, tó fi XOR pa wọ́n pọ̀ kó tó rán an jáde, ó di mẹ́ta. Lọ́dún 2006, Zhang, Liew àti Lam ní kí àwọn méjèèjì kúkú sọ̀rọ̀ pọ̀. Ó di méjì! Ìgbì tó ń kọlu ìgbì, tí wọ́n ní ká máa sá fún ní kíláàsì, òun ló wá ń bá wa ṣe ìṣirò. Bí kálukú bá rán +1 tàbí −1, alárinà á gbọ́ +2, 0 tàbí −2. Bó bá gbọ́ 0, bíìtì wọn yàtọ̀ nìyẹn. Kò mọ ẹni tó sọ èwo, kò sì kàn án. Àṣàkẹ́ mọ tiẹ̀, á fi yọ ti Àlàní.

Ṣùgbọ́n bí ìgbì Àlàní bá fi ìdajì pẹ́ dé, òkè rẹ̀ ti di ìsàlẹ̀. Ibi tó yẹ kó jẹ́ 0 á di 2, alárinà tí kò mọ̀ á sì fi ìgboyà rán irọ́ jáde.

Wọ́n á ní kò sí ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, rédíò tó ń gbà tó sì ń rán wọ́n. Fóònù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí fóònù méjì máa dún ní 1,000 Hz, kí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín ṣe alárinà. (Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, ògiri yàrá máa ń dá ìró padà.) Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ sún fóònù kan sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 17 péré, gbogbo ìdáhùn á dorí kodò. Ẹ má tiẹ̀ sún un: fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní aago tirẹ̀. Bí aago méjèèjì bá fi 20 nínú mílíọ̀nù kan yàtọ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25, wọ́n ti fi ìdajì ìgbì yà síra.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin olùkọ́ wa fún kò pọ̀. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè tí ẹ ò bi mí. Ẹni tó bá gbé èsì tó bàjẹ́ wá, tó sì lè ṣàlàyé ohun tó bà á jẹ́, ẹ fún un ní máàkì ju ẹni tí àwòrán rẹ̀ lórí MATLAB ń dán lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti jáde, fóònù àtijọ́ tó wà nílé yín, tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ ṣùgbọ́n tí sípíkà rẹ̀ ṣì ń dún, a máa lò ó.