Ta Ló Ni Shooting Stars Gan-an?

Bí ènìyàn bá dúró ní Akóbọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ó sì fetí sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà nítòsí, orúkọ tí yóò máa gbọ́ kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ Ìbàdàn. Arsenal ni wọ́n ń yìn, Chelsea ni wọ́n ń bú, Manchester United ni wọ́n ń káàánú. Ọmọ tí kò wọ bàálù rí mọ orúkọ olówó tó ni ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lè sọ iye tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù tí ó dé lánàá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ìlú tirẹ̀ bí lè máa gbá bọ́ọ̀lù ní Adámásingbà ní wákàtí kan náà, kí ọmọ yìí má mọ̀.

Àwọn àgbà a máa di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí ru àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n á ní ọmọ ìwòyí kò ní ìfẹ́ ilé, òkèèrè ló ń wò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ kì í kú lójijì. Ẹni tí ó yẹ kí ó máa tọ́jú ohun tí a fẹ́ràn ni ó sábà máa ń pa á díẹ̀díẹ̀, ọdún dé, ọdún lọ, títí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò fi gbé ojú kúrò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ olówó ẹgbẹ́ tí ó háwọ́ ni, àti ọ̀rọ̀ àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tí a kò mọ ibi tí a ó gbé ẹjọ́ wa gbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí a ní. Inú ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, WNDC, ni ẹgbẹ́ yìí ti wá. Ó di IICC, lẹ́yìn náà ni ó di Shooting Stars tí ẹnu ọmọ Ìbàdàn sọ di Súútìn. Ní 1976, ó na Tonnerre ti Yaoundé ní góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan nílé. Wọ́n na òun náà ní ẹyọ kan sí òdo ní Kamẹrúùnù, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin sí méjì, ife àwọn tó gba ife ní ilẹ̀ Áfíríkà sì di ti Ìbàdàn. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú rẹ̀. Ní 1992, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá ife CAF sílẹ̀, Súútìn náà ni ó gbà á, lẹ́yìn tí ó ṣẹ́gun Villa ti Kampala. Ó dé ìdíje àṣekágbá ife tó ga jù lọ ní 1984 àti ní 1996, Zamalek ti Íjíbítì ni ó sì dí i lọ́nà nígbà méjèèjì. Ti 1996 yẹn dun àwọn tó rí i, nítorí pẹnáritì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀ ní Káírò.

Ẹgbẹ́ yìí gba líìgì Nàìjíríà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún: ní 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Múdà Láwàl gbá a níbẹ̀, Best Ogedegbe ṣọ́ ilé níbẹ̀, Ràṣídì Yẹkíní náà gba ibẹ̀ kọjá kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n. Olóyè Lékan Sàlámì, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré Adámásingbà, fi tọkàntọkàn dúró ti ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí yóò rò pé ẹgbẹ́ ńlá ni à ń sọ, òótọ́ sì ni. Adìẹ funfun ni kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Lẹ́yìn 1998, kí ni ó ṣẹlẹ̀? Títí di 2025, odidi ọdún 27, líìgì kò tún padà wá sí Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ náà já kúrò ní ipele àkọ́kọ́, ó padà, ó tún já. Ní 2017 ni ó já gbẹ̀yìn, ọdún mẹ́rin gbáko sì kọjá kí ó tó gòkè padà ní 2021. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ti ké sí etígbọ̀ọ́ aráyé pé wọn kò tíì san owó oṣù àwọn.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ni ẹgbẹ́ náà. Mi ò ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ìjọba ṣe. Pápá Lékan Sàlámì tí ó ti di ẹgẹrẹmìtì tẹ́lẹ̀, ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé tún un ṣe, ojú gbogbo wa ló rí i. Ṣùgbọ́n pápá kì í gbá bọ́ọ̀lù. Ènìyàn ni ó ń gbá a, ènìyàn a sì máa jẹun, a máa sanwó ilé, a máa rán ọmọ lọ sílé ìwé. Bí owó ẹgbẹ́ bá ń jáde bí òjò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí yóò rọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ní ẹ̀bùn yóò lo sáà kan, yóò sì wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹgbẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, olólùfẹ́ yóò tún máa kọ́ orúkọ tuntun, títí kíkọ́ orúkọ yóò fi sú u.

Àwíjàre tí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ kékeré máa ń wí káàkiri ayé ni pé ìlú àwọn kéré, ọjà àwọn kéré, owó kò sí. Èmi gbà pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ṣùgbọ́n kí a wo Ìkẹ́nnẹ́, kí a tó gba àwíjàre yẹn. Remo Stars, ẹgbẹ́ tí Kúnlé Soname dá sílẹ̀, já kúrò ní ipele àkọ́kọ́ ní 2017, ní sáà kan náà tí Súútìn já. Àwọn méjèèjì ni ó jọ gòkè padà ní 2021. Inú odò kan náà ni wọ́n bọ́ sí, etídò kan náà ni wọ́n sì gbà jáde. Ní 2025, Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà. Ṣé Ìkẹ́nnẹ́ tóbi ju Ìbàdàn lọ ni? Bí a bá kó gbogbo ará Ìkẹ́nnẹ́ wá sí Ìbàdàn, àdúgbò bíi mélòó kan ni wọn yóò kún? Nítorí náà, kì í ṣe ọjà ni ó kéré. Ìtọ́jú ni ó kéré.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yóò sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé, ‘Ó yé wa, kí ìjọba ta ẹgbẹ́ náà fún olówó.’ Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìtàn ìlú wa kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ní Ìbàdàn kan náà yìí, ilé-iṣẹ́ Leventis dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Leventis United gba ife Nàìjíríà ní 1984, ó sì gba líìgì àti ife papọ̀ ní 1986. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ilé-iṣẹ́ náà tú u ká. Ní Abẹ́òkúta, Abiola Babes ti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá gba ife ní 1985 àti 1987. Lónìí, ẹgbẹ́ méjèèjì ti di ìtàn. Olówó tó la ọwọ́ lónìí lè pa á dé lọ́la, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ ni. Mo kí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ kú oríire, ṣùgbọ́n àdúrà tiwọn náà ni pé kí ó má ṣe sú ẹni tó ń náwó.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láìpẹ́ yìí tún fi èyí hàn kedere. Ní ìlú Oakland, wọ́n ní ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan, Athletics, tí ó ti wà níbẹ̀ láti 1968. John Fisher, ọmọ ìdílé tó dá ilé-iṣẹ́ aṣọ Gap sílẹ̀, ni ó ni ín. Lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dára ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó oṣù ẹgbẹ́ náà ní 2023 ni ó kéré jù lọ nínú líìgì wọn, àga pápá sì ṣófo. Olówó wá tọ́ka sí àga òfìfo náà pé ìlú kò fẹ́ràn ẹgbẹ́. Inú bí àwọn olólùfẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ènìyàn 27,759 ya wọ pápá lẹ́ẹ̀kan náà láti fi hàn pé olówó ni àwọn kọ̀, àwọn kò kọ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ aṣọ tí wọ́n kọ sí láyà pé kí ó ta ẹgbẹ́ náà. Kò tà á. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n gbá eré ìkẹyìn ní Oakland, ó sì kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Sacramento, pẹ̀lú èrò pé Las Vegas ni yóò gbé e dé.

Ohun tó yẹ kí ó ká wa lára nínú ìtàn yìí ni pé àwọn ará Oakland ṣe gbogbo ohun tí olólùfẹ́ lè ṣe. Wọ́n wá, wọ́n kọrin, wọ́n pariwo. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀, kò sí ìwé kan tí ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá. Ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ kọ́ ni ó ni ín.

Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ níbí. John Fisher lè sọ pé owó bàbá òun ni òun ń ná. Gómìnà kankan ní Ọ̀yọ́ kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Owó tí ìjọba fi ń tọ́jú Súútìn, owó wa ni. Láti ìgbà WNDC, nígbà tí owó kòkó ń gbé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ró, owó àgbẹ̀ àti owó orí ará ìlú ni. Nítorí náà, ìjọba kì í ṣe olówó ẹgbẹ́ yìí. Alágbàtọ́ ni. A sì lè bi alágbàtọ́ pé báwo ni ó ṣe ń ṣe ọmọ wa.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ilé ìwòsàn wà tí kò ní oògùn, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wà tí ń retí owó, ọ̀nà wà tí ó bàjẹ́. Kí ni ti bọ́ọ̀lù nínú ìyẹn? Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bí ìjọba bá jáde pé owó oògùn ṣe pàtàkì ju owó bọ́ọ̀lù lọ, èmi yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà náà, kí ó jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ bọ́ ẹgbẹ́ náà wọlé. Ohun tí kò tọ́ ni kí ènìyàn gbé oúnjẹ dání, kí ó má jẹ ẹ́, kí ó má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ẹ́.

Ní Jámánì, òfin bọ́ọ̀lù wọn sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ti ní ju ìdajì ìbò lọ, bó ti wù kí olówó náwó tó. Ní Sípéènì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ni Barcelona, àwọn ni wọ́n sì ń dìbò yan ààrẹ rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí àwa kò lè ṣe. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn olùkọ́ wa ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́. Ká ní ènìyàn 20,000 péré nínú gbogbo Ìbàdàn àti àwọn ọmọ Ìbàdàn tó wà lẹ́yìn odi ń san 5,000 náírà lọ́dún, 100 mílíọ̀nù náírà nìyẹn. Kò tó láti bọ́ ẹgbẹ́ tán, ṣùgbọ́n ó tó láti fún ẹni tó san án ní àga nínú ìpàdé.

Nǹkan mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí a máa béèrè. Èkínní, kí a máa tẹ ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ jáde lọ́dọọdún, iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tí a fi ta agbábọ́ọ̀lù. Èkejì, kí àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn dìbò yan díẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ alákòóso, kí yíyàn má jẹ́ ti gómìnà nìkan, nítorí gómìnà ń lọ, gómìnà ń bọ̀. Ẹ̀kẹta, kí òfin ìpínlẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni tó bá ra ìpín nínú ẹgbẹ́ náà lọ́la kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ tàbí láti gbé e kúrò ní Ìbàdàn.

Mi ò béèrè pé kí ìjọba di ọlọ́wọ́ ńlá. Ahun tí ó ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ sàn ju ọlọ́wọ́ ńlá tí ó pa tirẹ̀ mọ́ lọ, nítorí a lè bá ahun jókòó kí a jọ ṣírò. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó yóò yó. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ rí inú odó náà.

Ọmọ Akóbọ̀ tí ń pariwo Arsenal yẹn kò ṣẹ̀ wá. Ó kàn lọ síbi tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti hàn sí gbangba ni. Bí a bá fi ìwé Súútìn hàn án, tí a sì fún un ní ìbò kan ṣoṣo, yóò yà wá lẹ́nu bí yóò ṣe tètè mọ ọ̀nà Adámásingbà.