Ṣáàsì Onípáìpù Yẹ Ọmọ Iṣẹ́ Ajórin

Ṣáàsì onípáìpù ni èyí tí wọ́n fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ jó pọ̀ bí àgò adìẹ. Ó ti pẹ́ lára ọkọ̀ gidi: ti Mercedes 300 SL ọdún 1954 kò wúwo ju nǹkan bí 82 kílò lọ, páìpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga débi pé òkè ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ń ṣí sí. Fún ọkọ̀ ìṣeré tó ń fi rímóòtù rìn, ajórin ní Kòmú tàbí Òtu ní Òkè-Ògùn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀. Mọ́tò tó ń yí táyà, bátìrì àti rímóòtù ni rírà di dandan fún. Ṣáàsì kò sí lára wọn.

Páìpù bíréèkì tí mẹkáníìkì ń lò, tí kò fẹ̀ tó mílímítà 5, wọ̀ fún ọkọ̀ tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé irin tó nípọn ló ń fún ọkọ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ètò irin ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó fi okùn so pòròpórò mẹ́rin ní onígun mẹ́rin, kó tì í: yóò wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kó wá fi ìkarùn-ún dábùú rẹ̀ láti igun dé igun. Onígun mẹ́ta méjì ló dà yẹn, kò sì ní wọ́ mọ́ àfi tí pòròpórò bá kán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti páìpù.

Orí pákó ni kí wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe máa tóbi gan-an, kí wọ́n fi ìṣó há páìpù mọ́ ojú ìlà. Kí wọ́n fi sáńpépà họ síńkì ara rẹ̀ kúrò níbi tí iná máa dé, torí èéfín síńkì a máa fa ibà. Gáàsì kábáídì àti bíráàsì ló dára jù fún un. Ìjórin oníná mọ̀nàmọ́ná a tètè lu páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀kán bíráàsì kọ̀ọ̀kan mú gbogbo igun kí wọ́n tó jó o parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru á lọ́ ọ. Oríta páìpù ni ṣọ́ọ̀kì ń jókòó sí, bátìrì sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, torí orí àpáta Òkè-Ògùn a máa dojú ọkọ̀ dé.

Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá ajórin fi iṣẹ́ yìí dán ọmọ iṣẹ́ wò kó tó gba fíríìdọ̀ọ̀mù. Owó rẹ̀ kò pọ̀, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kì í sì í bo àṣírí ọwọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́.