Ẹ Jẹ́ Kí Ara Sinmi

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè díẹ̀ gbà mí, kí n bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ọ̀bà-Ilé àti Àkúrẹ́ tí ẹ ń fojoojúmọ́ gbé irin sọ̀rọ̀.

Káfíńtà ni mí, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, Sọ́ńdè nìkan ni mo fi ń sinmi. Kí ló kẹ́yìn rẹ̀? Èjìká dùn mí títí n kò fi lè fa ayùn mọ́.

Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni lọ́sẹ̀, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Jẹ́jẹ́ ni mo ń gbé e, títí apá yóò fi kọ̀. Ó di ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Mo ti padà sídìí ayùn mi.

Arthur Jones, ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti ọdún 1970 pé ìdárayá líle tí kò pẹ́ ló ń mú okun wá. Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká máa ṣe ìdárayá tó ń fún iṣan lókun, ó kéré tán, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Wọn kò ní ká pa ìrìn rínrìn tì o! Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Àgbẹ̀ ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó lè sinmi. Ara tiyín ńkọ́?

Èmi ni tiyín,
Baba Káfíńtà,
Ọ̀bà-Ilé.