Bárakú Kọ́ ni Ìgbáralé: Èrò Kan lórí Èdè-Ìperí fún Dídín Oògùn Apàrora Kù

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kò yẹ kí ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún ìmọ̀ ìṣègùn gbàgbé òwe yìí, nítorí pé orúkọ tí a bá fún nǹkan ni ó sábà máa ń pinnu ìwà tí àwọn ènìyàn yóò hù sí i. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀-èdè ń lò láìfura. Ọ̀rọ̀ náà ni bárakú. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé bí a bá lo bárakú fún ẹni tí dókítà fún ní oògùn apàrora fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí oògùn náà sì ti mọ́ ọn lára, àṣìtúmọ̀ náà kò mọ sórí ìwé nìkan. Ó lè pa aláìsàn lára.

Oògùn tí a ní lọ́kàn ni àwọn tí à ń pè ní ópíọ́ìdì, bíi morphine, codeine, tramadol, pentazocine àti oxycodone. Oje ewéko pópì ni a ti ń rí àwọn kan nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ apoògùn ni a ti ń ṣe àwọn yòókù. Wọ́n wúlò púpọ̀. Ní ọdún 1977 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ gbé àkójọ àwọn oògùn kò-ṣeé-má-nìí jáde, morphine wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n léwu pẹ̀lú, nítorí pé bí ìwọ̀n wọn bá pọ̀ jù, wọ́n lè dá èémí dúró. Nítorí ewu yìí ni àwọn oníṣègùn fi ń fẹ́ dín in kù fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti ń lò ó pẹ́, àti nígbà mìíràn nítorí pé oògùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ dín ìrora wọn kù mọ́. Orí ọ̀rọ̀ dídínkù yìí gan-an ni èdè wa ti ń kọsẹ̀.

2. Kí ni bárakú ń sọ?

Ìhun ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro: bá, ara, kú. Ohun tí yóò bá ara kú ni, èyí tí kò ní fi ènìyàn sílẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Iṣẹ́ méjì ni à ń fún un ṣe nínú èdè ojoojúmọ́. Èkíní, a ń lò ó fún àìsàn tí ó pẹ́ lára tí kò lọ. Èkejì, a ń lò ó fún ìwà tí apá ẹni kò ká mọ́, bíi ọtí àmupara, sìgá tàbí tẹ́tẹ́ títa.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo aláìsàn kan tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ọdún 10 wá, tí ó sì ń lo tramadol bí dókítà ṣe kọ ọ́ fún un. Bárakú ni ìrora rẹ̀; bárakú náà ni wọ́n ní oògùn rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dúró fún àrùn, òun kan náà ni ó dúró fún ohun tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí dókítà bá ní òun fẹ́ dín oògùn náà kù, tí ògbufọ̀ sì wí pé, "Wọ́n fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú bárakú yìí, mà," kí ni ìyá náà yóò gbọ́? Ó lè gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kí ìrora òun lọ, kí ó sì máa dúpẹ́. Ó lè gbọ́ pé wọ́n ti ka òun kún àwọn ọ̀mùtí. Ó sì lè gbọ́ pé wọ́n ń ní kí òun fi ohun tí kò ṣeé fi sílẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ pé ó di ikú.

Jáwọ́ náà kò mọ́ tó. Olè ni à ń sọ fún pé kí ó jáwọ́ nínú olè jíjà. Ìwà tí ó burú ni ènìyàn ń jáwọ́ nínú rẹ̀, ẹni tí ó sì lo oògùn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún un kò hùwà kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn olóró, tí à ń gbọ́ lórí rédíò nígbàkúùgbà tí wọ́n bá mú àwọn tí ń ṣòwò kokéènì. Bí a bá fi orúkọ yìí kan náà pe morphine tí nọ́ọ̀sì ń fún ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ń dà láàmú, a ti sọ nọ́ọ̀sì di ẹni tí ń fún ènìyàn ní májèlé.

3. Gẹ̀ẹ́sì náà kọsẹ̀

Àwọn kan yóò ní kí a kàn wo ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò, kí a sì wá èyí tí ó bá a mu. Ọ̀nà yìí kò lè gbè wá, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti kọsẹ̀ níbí. Ní ọdún 1964, ìgbìmọ̀ kan ní Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí a pa "addiction" tì, kí a máa lo "dependence" dípò rẹ̀. Ní ọdún 1987, "dependence" ni ìwé DSM-III-R, tí Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Ọpọlọ ti Amẹ́ríkà fi ń to àìsàn ọpọlọ lẹ́sẹẹsẹ, lò fún ohun tí àwa ń pè ní bárakú. Èrò rere ni wọ́n fi yàn án, nítorí pé "addiction" ti di ọ̀rọ̀ èébú. Nínú ọ̀rọ̀ kan tí Charles O'Brien, Nora Volkow àti T.-K. Li kọ ní ọdún 2006, wọ́n ní ìbò kan ṣoṣo ni "dependence" fi borí nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ìbò kan ṣoṣo yẹn fa wàhálà. Àwọn oníṣègùn ti ń lo "dependence" tẹ́lẹ̀ fún nǹkan mìíràn pátápátá, ìyẹn ni bí ara ṣe máa ń tún ara rẹ̀ tò láti bá oògùn gbé. Àwọn oògùn kan tí a fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń ṣe ara bẹ́ẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi lè ru sókè lójijì bí a bá dá wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń pe aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan wá ń dúró fún nǹkan méjì, àwọn dókítà tí wọ́n rí i pé ara aláìsàn wọn ti mọ́ oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àìsàn bárakú ni, wọ́n sì ń fi oògùn du ẹni tí ìrora ń pa. Ní ọdún 2013, DSM-5 pa ìlò náà tì, ó sì là á yé wa pé bí ara bá mọ́ oògùn tí ènìyàn ń lò lábẹ́ àbójútó dókítà, a kò gbọdọ̀ ka èyí nìkan sí àmì àìsàn bárakú.

Bí àwa bá wá túmọ̀ "dependence" sí bárakú lónìí, àṣìṣe tí àwọn tí wọ́n ni èdè náà ti kọ̀ sílẹ̀ ni a ń gbé wọlé.

4. Ewu tí ó wà nínú àṣìpè

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún 1996 tí OxyContin dé ọjà, àwọn dókítà kọ ópíọ́ìdì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ikú sì pọ̀. Ní ọdún 2016, àjọ ìjọba tí ń rí sí ìdènà àrùn, CDC, gbé ìlànà kan jáde láti kìlọ̀ fún àwọn dókítà. Ìlànà náà kò ní kí a já oògùn gbà lójijì lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe lò ó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àjọ FDA kìlọ̀ pé dídá oògùn dúró lójijì tàbí dídín in kù kíákíá ti kó ìnira ńlá, ìrora tí kò gbóògùn àti ìdààmú ọkàn bá àwọn aláìsàn, títí kan pípa ara ẹni. Nígbà tí CDC tún ìlànà rẹ̀ kọ ní ọdún 2022, ó dábàá pé fún ẹni tí ó ti lo oògùn náà fún ọdún 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìdínkù náà máa jẹ́ ìdá 10 nínú 100 lóṣooṣù, tàbí kí ó tilẹ̀ lọ́ra jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn Yorùbá ń gba ìtọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà, ògbufọ̀ ni ó sì ń ṣe ẹnu fún àwọn àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nílé níhìn-ín, àwọn tí fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà mọ ohun tí ìrora jẹ́, abẹ́rẹ́ pentazocine kò sì ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ ilé ìwòsàn tí ó sì dárúkọ oògùn tí ó máa ń ràn án lọ́wọ́, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu òṣìṣẹ́ jẹ́ "ó ti di bárakú fún un."

5. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

(a) Ìrora àìlọbọ̀rọ̀: èyí ni a fẹ́ lò dípò ìrora bárakú. Nínú ètò ICD-11 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí lílò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, ìrora tí ó bá ju oṣù 3 lọ, tàbí tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ fún ìgbà tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Àìlọbọ̀rọ̀ sọ pé ó pẹ́. Kò sọ pé títí ikú ni.

(b) Ìgbáralé oògùn: gbé, ara, lé. Ara ti gbé ara rẹ̀ lé oògùn, bí arúgbó ti ń gbé ara lé ọ̀pá. Ara wà nínú bárakú, ara sì wà nínú ìgbáralé; ṣùgbọ́n ọ̀kan parí sí ikú, èkejì sì ṣeé gbé dìde. Kò sí ẹni tí yóò bá arúgbó wí nítorí ọ̀pá rẹ̀, kò sì sí ọmọlúàbí tí yóò já a gbà lójijì.

(d) Àìkápá ìlò oògùn: èyí ni àìsàn tí a ń pè ní bárakú gan-an, tí ènìyàn kò lè ṣàkóso ìlò rẹ̀ mọ́, tí ó ń wá oògùn kiri bí ó tilẹ̀ rí i pé ó ń ba ayé òun jẹ́. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Orúkọ yìí ń ṣàlàyé láìbúni.

(e) Ìfaradà oògùn: ara ti gba oògùn mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n àtijọ́ kò fi ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. A kò gbọdọ̀ lo ìfaradà lásán, kí aláìsàn má baà rò pé sùúrù ni à ń wàásù fún òun. Ẹnìkan lè dábàá àìrànmọ́, láti ara "kò ràn mí mọ́". Ṣùgbọ́n àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti fi àrànmọ́ ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú ìmọ̀ fonọ́lọ́jì. Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀mí so mọ́ jù lọ. Bí a bá ti dín oògùn kù, ìfaradà náà yóò lọ. Ẹni tí ó bá tún padà sí ìwọ̀n tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ lè kú nítorí àìlèmí. Ó yẹ kí ògbufọ̀ lè sọ ọ́ kedere pé: "Ara yín kò lè fara da ìwọ̀n ti àtijọ́ mọ́."

(ẹ) Ìnira àwátì: ara wá oògùn, ó wá a tì. Yíyán, òógùn, imú tí ń ṣomi, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, àìróorunsùn àti ara ríro wà lára rẹ̀. Àǹfààní orúkọ yìí ni pé kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: ó lè bá ẹni tí oògùn rẹ̀ tán kí ọjọ́ dókítà tó pé. Ó sì ń ràn wá lọ́wọ́ láti ya ìrora àwátì sọ́tọ̀ kúrò lára ìrora àtijọ́. Aláìsàn tí ẹ̀yìn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ún gidigidi nígbà ìdínkù lè rò pé àrùn òun ti burú sí i, nígbà tí ó jẹ́ pé ara ni ó ń wá ohun tí ó ti mọ́ ọn lára.

(f) Àfẹ̀sọ̀dínkù: ìdínkù tí a fi ẹ̀sọ̀ ṣe. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Kí a lo èyí dípò jíjáwọ́, nítorí pé iṣẹ́ tí dókítà àti aláìsàn jọ ń ṣe ni, tí wọ́n lè dá dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà bí ìnira bá pọ̀, kí wọ́n sì tún tẹ̀ síwájú.

6. Ohun tí a lè fi ta kò wá

Wọ́n lè sọ pé gbogbo ayé ti mọ bárakú, wọn kò sì mọ ìgbáralé. Òtítọ́ ni. A kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lé bárakú kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kí ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ àti sìgá. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó má wọ ìwé ìtọ́jú aláìsàn àti ìwé ẹ̀kọ́ ìlera. Gbáralé kì í ṣe àjèjì ọ̀rọ̀, àwátì kì í ṣe àjèjì, ẹ̀sọ̀ kò sì ṣàjèjì. Ìtumọ̀ iṣẹ́ nìkan ni a fi kún wọn.

Ẹlòmíràn lè bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ tútù yóò bo ewu mọ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí wúwo jù. Ìgbáralé àti àìkápá lè wà lára ẹnì kan náà, ààlà wọn kì í sì í hàn gbangba nígbà gbogbo. A rí i ní Nàìjíríà: àṣìlò omi ìkọ́ tí ó ní codeine nínú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni yóò jẹ́ kí dókítà lè béèrè èwo ni ó ń ṣe aláìsàn yìí, tàbí bóyá méjèèjì ni. Níbi tí orúkọ bá ti jẹ́ ẹyọ kan, ìbéèrè náà kò tilẹ̀ lè wáyé.

7. Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ ni ó ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ni ó sì ń yọ ọfà lápó. A rọ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti ti ìmọ̀ ìlera. A sì rọ àwọn atúmọ̀-èdè pé kí wọ́n dán wọn wò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì kọ̀wé sí wa bí aláìsàn bá ṣi èyíkéyìí gbọ́. Bí ẹnìkan bá rí èyí tí ó sàn jù, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bárakú nìkan ni kò gbọdọ̀ padà wá, nítorí pé ẹni tí à ń mú sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí òkè kò yẹ ní ẹni tí à ń kí kú ìpalẹ̀mọ́ ìsìnkú.