Ajá Lókà Náà Yẹ Kó Gba Abẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi ra ọmọ ajá kan. Ẹni tó tà á búra pé Alséṣàn ni bàbá rẹ̀, ó sì gba owó gidi. Ajá dàgbà, etí rẹ̀ kò dúró, ìrù rẹ̀ ká kóńkó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Lókà lásán nìyí!" Ni Dádì bá ní àwọn kò ní ná owó abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lé ajá lókà lórí.

Àyẹ̀wò DNA wà tó lè yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n á fi nǹkan bí òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá, wọ́n á fi jíìnì rẹ̀ wé ti àwọn ajá tí wọ́n ti mọ ìran wọn. Mo fara mọ́ ọn. Ká ní a rí i ṣe ká tó sanwó ni, ẹnikẹ́ni kò ní rẹ́ wa jẹ.

Ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ajá ṣe wúlò tó. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí lórí ajá tó lé ní 18,000 sọ pé ìran ajá kò kó ju nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 lọ nínú ohun tó ń mú kí ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ìwádìí mìíràn ní 2018 yẹ jíìnì àwọn ajá Nàìjíríà wò, ó rí ọ̀kan, ADGRE1, tó ṣeé ṣe kó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kojú kòkòrò àìsàn ilẹ̀ olóoru. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fi ń ṣẹ̀sín nìyẹn o!

Àrùn dìgbòlugi kì í béèrè ìran kó tó mú ajá. Tí ajá náà bá sì gé èèyàn jẹ, tí àrùn ọ̀hún fara hàn lára ẹni náà, ó ṣọ̀wọ́n kó yè é. Mo ti ń bẹ Dádì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá nílé, ẹ bẹ àwọn òbí yín náà.

Tí ajá wa bá gbó lóru, olè kì í dúró béèrè bóyá Alséṣàn ni.