Irin Kò De Ajagun Mọ́lẹ̀

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí fíìmù ń kọ́ ní ìtàn, mo ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ tí ẹnikẹ́ni ò ti bi mí léèrè ohun tó jọ ogun. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni mo tún gbọ́ ọ láti orí pẹpẹ. Pásítọ̀ ní ìhámọ́ra irin tí àwọn ajagun Yúróòpù ń wọ̀ láyé àtijọ́ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ti ṣubú nínú rẹ̀ kò lè dìde mọ́, àfi kó máa wojú sánmà títí ọ̀tá yóò fi wá dúńbú rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbé wọn gun ẹṣin. Wọ́n ní idà wọn, ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Gbogbo ìjọ dáhùn pé àmín.

Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Mi ò ní ṣe é lẹ́wà fún wọn, mi ò sì ní bá wọn wá àwíjàre. Irọ́ ni.

Leeds ni mo ń gbé, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń rán aṣọ, tó ń rọ irin, tó sì ń fi idà tí kò mú jà bí wọ́n ṣe ń jà ní nǹkan bí ọdún 1450 sí 1480. Àwọn mìíràn ń gbá bọ́ọ̀lù lópin ọ̀sẹ̀; èyí ni tiwa. Ìhámọ́ra tí mo ń wọ̀, láti àṣíborí dé irin ojúgun, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nígbà náà ló wà: kílò 20 sí 25. Mo ń gun òkè nínú rẹ̀. Mo ń dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀, mo ń yí gbirigbiri nílẹ̀, mo sì ń dìde láìsí ẹni tó fà mí lọ́wọ́. Kí ẹni tí kò fọwọ́ kan ìgbàyà irin rí wá dúró níwájú mi, kó ní ohun tí mo ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ṣeé ṣe! Sùúrù mi ti tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé àwọn kéékèèké kúrò lọ́nà. Ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gun ẹṣin, inú fíìmù Henry V tí Laurence Olivier ṣe ní 1944 ni ọ̀pọ̀ ti rí i. Fíìmù ni, kì í ṣe ìtàn. Idà tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú kì í sábà ju kílò mẹ́ta lọ. Ó parí.

Ó wá ku ìwúwo. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo irọ́ yòókù ti ń jẹun.

Wọ́n gbọ́ kílò 25, wọ́n sì rò ó bí ẹrù tí ènìyàn gbé lé orí tàbí tó fọwọ́ gbá mọ́ra. Ẹ lọ bi ìyá tó bá ti pọ̀n ọmọ rìn láti Dùgbẹ̀ dé Mọ̀kọ́lá bóyá bí ọmọ náà ṣe wúwo lẹ́yìn ló ṣe wúwo nígbà tó gbé e sọ́wọ́. Ọmọ kan náà ni. Ọ̀jà ló fi ìyàtọ̀ sí i. Ìhámọ́ra kì í ṣe ẹrù tí a gbé. Ara ni a dè é mọ́, oríkèé kọ̀ọ̀kan ló sì ń gbé tirẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń múra. Ẹ̀wù òwú tó nípọn, tó há mọ́ ara pinpin, ni a kọ́kọ́ ń wọ̀. Wọ́n ti dá ihò sí i lára káàkiri, okùn tí a fi ìda kùn sì wà nínú ihò wọ̀nyẹn. Ẹsẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀: irin ojúgun, lẹ́yìn náà irin itan tó ní orúnkún tirẹ̀. A óò so irin itan mọ́ ẹ̀wù náà níbi ìbàdí, kí ìbàdí gbé e. Ó wá kan irin ẹ̀yìn àti ìgbàyà. Ìgbàyà tó bá ara mu, orí ìbàdí, níbi tí ara ti tẹ̀ wọlé, ló ń jókòó sí. Díẹ̀ ni èjìká máa ń mọ̀ nínú rẹ̀. Apá tẹ̀lé e. Àṣíborí àti ìbọ̀wọ́ irin ló kẹ́yìn, ọ̀rẹ́ ẹni ló sì ń báni di èyí tó wà lẹ́yìn tí ọwọ́ ẹni kò tó. Bí okùn itan kan ṣoṣo bá dẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ìwọ̀n ìka kan, irin yóò sọ̀ kalẹ̀, orúnkún yóò máa kọ́ etí irin ní gbogbo ìgbésẹ̀, kí wákàtí kan tó pé, ẹni náà á ti máa tiro. Ìdí nìyí tí ẹni tó yá ìhámọ́ra ẹlòmíràn wọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ya fọ́tò fi máa ń padà sílé, tí á sì máa sọ fún gbogbo ayé pé ó wúwo. Aṣọ aláṣọ ló wọ̀!

Ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wo orúnkún náà. Irin pẹlẹbẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló gun orí ara wọn níbẹ̀, ìṣó kéékèèké ló so wọ́n pọ̀. Níbòmíràn nínú ìhámọ́ra náà, bíi ní apá òkè, wọ́n gbẹ́ ihò ìṣó náà gùn gbọọrọ, kí irin lè máa yọ̀ síwá sẹ́yìn bí apá bá ṣe ń yí. Abẹ́ abíyá tí irin kò lè bò, ẹ̀wù olórùka irin ni wọ́n fi dí i. Irin náà pàápàá kò nípọn bákan náà káàkiri: ó nípọn ní àárín àyà àti ní iwájú orí, níbi tí ọ̀kọ̀ ń wá, ó sì fẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Àwọn alágbẹ̀dẹ Milan, ti Augsburg àti ti Nuremberg ló ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí. Láàárín èédú àti òòlù, wọ́n ń fi ojú wọn àti ọwọ́ wọn díwọ̀n ohun tí àwa ń fi ẹ̀rọ díwọ̀n lónìí.

Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìhámọ́ra kì í jẹ́ kí ènìyàn rìn, àwọn alágbẹ̀dẹ yìí ni ẹ ń bú. Ohun tí ẹ ń sọ ni pé fún ohun tó lé ní igba ọdún, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù ń kó owó ńlá fún alágbẹ̀dẹ kó lè rọ pósí fún wọn láàyè, pé wọ́n ń wọ pósí náà lọ sójú ogun, wọ́n ń kú síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì tún ń lọ bẹ alágbẹ̀dẹ kan náà níṣẹ́. Ta ló gọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àgbẹ̀ wo ló ń ra ọkọ́ tí kò ṣeé gbé sókè? Àwa tí baba wa mọ ohun tí alágbẹ̀dẹ jẹ́ láwùjọ, ẹ̀tẹ́ ni fún wa láti máa tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ.

Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹlẹ́rìí, Jean le Meingre wà, tí wọ́n ń pè ní Boucicaut, ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé. Ìwé ìtàn ayé rẹ̀, tí wọ́n kọ parí ní 1409 nígbà tó ṣì wà láàyè, to eré ìmárale rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ń fò gun ẹṣin tòun ti ìhámọ́ra láìfi ẹsẹ̀ kan ibi ìtẹ̀gùn. Ó ń ta òkìtì nínú irin, àṣíborí nìkan ló ń yọ. Wọ́n á fi àkàbà ti ara ògiri, yóò bọ́ sí abẹ́ rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ nìkan fò láti ìdábùú kan dé èkejì títí dé òkè, ẹ̀wù irin wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kan nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé ń ṣàsọdùn, Daniel Jaquet, onímọ̀ ìtàn ọmọ Switzerland, ti ní kí wọ́n rọ ìhámọ́ra fún òun bí ti ìgbà náà, ó sì ti dán eré Boucicaut wò níwájú kámẹ́rà: ó ń sáré, ó ń gun ògiri, ó ń gun abẹ́ àkàbà. Ẹni tó bá ní ojú lè wò ó.

Wọ́n máa ń mú Dáfídì dá mi lóhùn. Pásítọ̀ náà mú un dá wa lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Dáfídì bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀, àbí? Ẹ̀yin àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún Sámúẹ́lì Kìíní, orí 17, kà. Dáfídì kò sọ pé ó wúwo. Ohun tó sọ ni pé òun kò tíì dán an wò. Orí 9 ìwé kan náà sì ti sọ fún wa pé láti èjìká lọ sókè ni Sọ́ọ̀lù fi ga ju gbogbo ènìyàn lọ. Ìhámọ́ra ọkùnrin gìrìwò ni wọ́n gbé wọ ọ̀dọ́mọkùnrin darandaran tí kò wọ irin rí. Kò bá a mu, kò sì mọ́ ọn lára. Ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, ó wà nínú Bíbélì tí ẹ fi ń lù mí.

Wọ́n tún máa ń mú Agincourt wá, ogun ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 1415, níbi tí àwọn Faransé ti rì sínú ẹrọ̀fọ̀ tí ọmọ ogun Ọba Henry Karùn-ún sì pa wọ́n bí ewúrẹ́. Wọ́n ní irin ló pa wọ́n. Ẹ gbọ́ ná: kí ni àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ lọ́jọ́ náà? Irin ni! Henry fúnra rẹ̀ wà nínú irin, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń jà, wọ́n sì gbá a lórí tí adé ara àṣíborí rẹ̀ fi kán. Kí ló dé tí òun kò rì? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dúró sójú kan, àwọn Faransé ló la oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kọjá lẹ́yìn òjò, ẹṣin tiwọn ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ọfà ń rọ̀ lé wọn, èrò ẹ̀yìn ń ti èrò iwájú ṣubú lu ara wọn. Bí ẹ bá ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ inú ẹrọ̀fọ̀ báyẹn, bí ìhòòhò ni wọ́n wà, wọn yóò kú. Wọ́n mú Boucicaut náà lẹ́rú níbẹ̀, ọkùnrin tó ń ta òkìtì nínú irin. Yorkshire níhìn-ín ló kú sí ní 1421, nínú ìgbèkùn.

Àwọn tó kàwé díẹ̀ á ní ìwádìí Yunifásítì Leeds ńkọ́, èyí tí Graham Askew àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011? Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi àwọn ọkùnrin tó mọ ìhámọ́ra wọ̀ sórí ẹ̀rọ ìsáré, wọ́n sì rí i pé rírìn nínú irin ń gba agbára tó ju ìlọ́po méjì ti àìwọ irin lọ. Òótọ́ ni. Irin tó wà lẹ́sẹ̀ ló fà á, nítorí gbogbo ìgbésẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń gbé e jù síwájú, irin àyà náà kì í sì í jẹ́ kí èémí wọlé tó. Ó ń rẹni. Ooru inú àṣíborí sì le: bí a bá pa ojú rẹ̀ dé, èémí ara ẹni ló ń padà fẹ́ lu ojú ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ìwádìí yẹn sọ ní ti gidi. Wọ́n sáré lórí ẹ̀rọ náà! Ẹni tí kò lè dìde nílẹ̀ kò lè sáré lórí ẹ̀rọ. Ó ń rẹ oníbọ́ọ̀lù náà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé bàtà ló so ó mọ́lẹ̀.

Níbo ni irọ́ náà ti wá nígbà náà? Ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ìhámọ́ra tí ojú kọ́kọ́ ń bọ́ sí ni ti eré ìdíje orí ẹṣin, níbi tí ẹlẹ́ṣin méjì ti ń fi ọ̀kọ̀ gígùn kọlu ara wọn ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ìyẹn lè lé ní kílò 40, nítorí ìjókòó sójú kan lórí ẹṣin ni wọ́n ṣe é fún, kò sì sí ẹni tó ń wọ̀ ọ́ lọ sógun. Àwọn ènìyàn rí ti eré, wọ́n sọ pé ti ogun ni.

Bó ṣe yẹ ká máa wò ó kò ṣòro, mi ò sì ní fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Irin jẹ́ aṣọ iṣẹ́. Ẹni tó bá wọ èyí tí wọ́n gé bá ara rẹ̀, tó sì ti ń wọ̀ ọ́ láti kékeré, yóò jà nínú rẹ̀. Ẹ wo àwọn ẹlẹ́ṣin 'yan lífídà nílùú Kano lọ́jọ́ Dọ́bà, nínú aṣọ òwú ogun tó kì pọ́pọ́: ta ló ń wò wọ́n tó ń ní wọn kò lè mira? Àwa tí à ń ṣe eré yìí lópin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń pè wá ní àgbàlagbà tó ń ṣe bí ọmọdé, àwa là ń fi ara wa dán ìwé wò, ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé ìwé ló tàn wá jẹ, tí okùn ìbàdí kan sì tọ́ wa sọ́nà.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó wá bá wa. Kó wọ ẹ̀wù òwú tó há àti sòkòtò tí kò ní zíìpù, kó má wọ kaba tàbí agbádá wá, kó jẹun díẹ̀ ṣáájú, kó sì mu omi púpọ̀. A óò wọn àyà rẹ̀ àti gígùn itan rẹ̀, a óò di okùn náà bó ṣe yẹ, a óò sì ní kó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí koríko. Lẹ́yìn náà, kó dìde.